Kókó Tí Kò Lórúkọ: Ìtàn Àìsàn Ọ̀pọ̀ Kókó Ọ̀rá àti Ẹ̀kọ́ Tó Wà Níbẹ̀ fún Olùkọ́

Àṣamọ̀

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń lò fún ohunkóhun tó bá yọ gọngọ lábẹ́ awọ ara: kókó. Iṣẹ́ yìí tọ ipasẹ̀ ìtàn ẹgbẹ́ àìsàn kan tó ṣọ̀wọ́n, nínú èyí tí kókó ọ̀rá púpọ̀ máa ń jáde lára ènìyàn, tí kókó náà kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ. A wo bí àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì, Faransé àti Amẹ́ríkà ṣe yà á sọ́tọ̀ tí wọ́n sì fún un lórúkọ láàrin ọdún 1846 sí 1899. A fi èyí wé ìtàn mẹ́ta láti ilé: kókó inárun, kókó àwùjẹ̀ ọmọdé tí àwọn oníṣẹ́-abẹ Ìbàdàn kọ nípa rẹ̀ ní 1971, àti sòbìà tó kásẹ̀ nílẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ tí Adágún Nike wà. Èrò wa ni pé àrùn tó lórúkọ là ń kà, èyí tí a bá kà là ń tọ́jú. Àti pé bí a ṣe da gbogbo kókó pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan ń dẹ́rù ba ẹni tí kò yẹ kó bẹ̀rù, ó sì ń fi ọkàn ẹni tó yẹ kó sáré balẹ̀. A dá àbá ohun tí àwọn tó ń kọ́ olùkọ́ lè ṣe sí i.

Ìfáàrà

Ọmọ Yorùbá tó bá kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ Adágún Nike lè rò pé obìnrin kan tó ń jẹ́ Adéníkẹ̀ẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Nike ni orúkọ àwùjọ Ìgbò tó ti wà níbẹ̀ kí Albert Kitson tó rí èédú ní agbègbè Udi ní 1909, kí Enugu fúnra rẹ̀ tó di ìlú. Lẹ́tà kan náà la fi kọ ọ́, ohun tó dúró fún yàtọ̀. Ẹni tí kò bá bèèrè yóò ṣìnà, kò sì ní mọ̀ pé òun ti ṣìnà.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ kókó rí. Ohùn ló ń yà á sọ́tọ̀ sí kòkó tí à ń tà fún òyìnbó àti kókò tí à ń sè jẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ohùn bá ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ tán, kókó ṣì kù tí ó ń dúró fún ìdì okùn, fún ojú igi tó le, fún pàtàkì ọ̀rọ̀, àti fún ohun tó wú lára. Nínú ti ara yìí pàápàá, kò sí ohun tó fi hàn nínú ọ̀rọ̀ náà bóyá ọ̀rá ni, tàbí aràn, tàbí jẹjẹrẹ.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan àwa tí à ń kọ́ olùkọ́ kò jìnnà. Olùkọ́ ni ọmọ máa ń kọ́kọ́ bi ní ìbéèrè nípa ara, nítorí pé ó máa ń tijú òbí rẹ̀. Olùkọ́ fúnra rẹ̀ sì lè ní kókó márùn-ún tàbí ogún lápá, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa sá fún ìwé tó bá fọwọ́ kàn. Bí a kò bá fi ìmọ̀ tó péye lé e lọ́wọ́, ohun tó gbọ́ ládùúgbò ni yóò fi dáhùn. Ìbéèrè mẹ́ta ni iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn. Kí ni àwọn ènìyàn ti pe kókó ọ̀rá láti ìbẹ̀rẹ̀? Báwo ni ó ṣe di àìsàn tó ní orúkọ tirẹ̀? Kí sì ni ìtàn náà lè ṣe fún wa ní kíláàsì?

Ohun tí kókó ọ̀rá jẹ́

Kókó ọ̀rá jẹ́ àkójọ sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá tó dàgbà síbì kan lábẹ́ awọ, tí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì sábà máa ń yí ká. Ó máa ń rọ̀ lọ́wọ́, bí a bá sì fi ìka tì í, á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ló ń dàgbà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ní ẹyọ kan tí wọn kò sì bìkítà fún un títí ọjọ́ ayé wọn, kò sì sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Alexis Littre, oníṣègùn ará Faransé, ló kọ́kọ́ fún un ní orúkọ tí àwọn oníṣègùn ṣì ń lò dòní, ní 1709, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí ọ̀rá.

Ibi tó ti di àìsàn tó ṣọ̀wọ́n ni ìgbà tí kókó náà bá di púpọ̀. Ẹ̀yà mẹ́ta ló ṣe kókó nínú ìtàn yìí. Ẹ̀yà kìíní ń tẹ̀lé ìdílé: kókó kéékèèké máa ń yọ ní apá, itan àti àyà bí ènìyàn bá ti dàgbà, ọrùn àti èjìká kì í sì í sábà ní in. Bí òbí kan bá ní i, ọ̀kan nínú méjì ni àǹfààní pé ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò jogún rẹ̀, ì báà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin. Ẹ̀yà kejì máa ń kó ọ̀rá jọ sí ọrùn, ẹ̀yìn àti èjìká lọ́nà tó dọ́gba lápá ọ̀tún àti òsì, títí ọrùn yóò fi dà bíi pé a fi àkájá yí i ká. Ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣe. Ẹ̀yà kẹta ń dunni gan-an, àwọn obìnrin ló sì wọ́pọ̀ láàrin.

Kò sí èyí tó jẹ́ jẹjẹrẹ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n àìjẹ́ jẹjẹrẹ kò sọ pé kò nira. Ọ̀rá tó bá yí ọrùn ká lè fún ọ̀nà ọ̀fun, ó sì lè mú oorun àti mímí le. Kókó tó bá tẹ iṣan ìmọ̀lára máa ń dunni. Bákan náà, ojú tí àwọn ènìyàn fi ń woni jẹ́ ìrora mìíràn tí a kì í rí òṣùwọ̀n fún.

Orúkọ ohun tó ń wú lára ní èdè Yorùbá

Kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé èdè Yorùbá kò lọ́rọ̀ fún àrùn. Gẹ̀gẹ̀ ni ti ọrùn tó wú níwájú. Jàkùtẹ̀ ni ti ẹsẹ̀ tó wú bí ẹsẹ̀ erin. Ìpá ni ti abẹ́ ọkùnrin. Oówo ni èyí tó gbóná, tó ń dunni, tó sì máa tú. Ẹ̀tẹ̀, làpálàpá, èélá, ìfo, sòbìà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ àti ìtọ́jú tirẹ̀. Orúkọ míì tilẹ̀ lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í pè é lójú kòrókòró: Ṣọ̀pọ̀ná di Ilẹ̀ẹ́gbóná tàbí Olóde lẹ́nu àwọn àgbà. Láàrin àwọn ère amọ̀ àtijọ́ tí wọ́n wú nílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, a rí èyí tó fi ara tí àrùn mú wú hàn, èyí tó fi yé wa pé àwọn baba ńlá wa wo irú ara bẹ́ẹ̀ dáadáa, wọ́n sì kà á sí ohun tó yẹ kí a fi amọ̀ ya.

Bí a bá wò ó fínnífínní, a ó rí i pé ohun tó ń fún àrùn lórúkọ tirẹ̀ ní ilẹ̀ wa ni pé kó pọ̀, kó dunni, tàbí kó pa ènìyàn. Kókó ọ̀rá kò ṣe ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́pọ̀ ìgbà. Nítorí náà ni kò fi ní ju kókó lásán lọ. Ẹni tó ní i kò sí láàrin àwọn ẹni òrìṣà, abuké, arọ, aràrá àti àfín, tí Ọbàtálá dáàbò bò. Kò sì sí láàrin àwọn alárùn tí a ń wá egbòogi fún. Ẹni àárín ni, ẹni àárín kì í sì í ní alágbàwí.

Ohun kan tún wà tó mú kí ọ̀rọ̀ náà dákẹ́. Kí ìgbéyàwó tó wáyé nílẹ̀ Yorùbá, ìdílé méjèèjì máa ń ṣe ìwádìí ara wọn. Wọn a bèèrè bóyá ẹ̀tẹ̀, wárápá tàbí wèrè wà ní agbo ilé náà. Níbi tí ìbéèrè bẹ́ẹ̀ bá ti wà, ìdílé tí kókó ń yọ lára bàbá, ọmọ àti ọmọ-ọmọ kò ní pariwo rẹ̀. Aṣọ ni wọ́n fi ń bò ó. Ó ṣe é ṣe kí ọ̀pọ̀ ìran ti ní i nínú ilé kan kí ẹni kọ̀ọ̀kan máa rò pé òun nìkan ni. Àwọn àgbà ní ohun tó ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ọlọ́ya bá panu mọ́, Àbọ́yadé yóò máa rò pé ilé ayé ló ń bá òun jà.

Láti London dé Rostock àti Paris

Ní ilẹ̀ Yúróòpù náà, ọ̀rọ̀ kò ṣàdédé yé wọn. Ní 1846, Sir Benjamin Brodie, oníṣẹ́-abẹ ní London, kọ nípa àwọn tí ọ̀rá kó jọ sí ọrùn wọn lọ́nà tó ṣàjèjì. Lẹ́yìn rẹ̀, ó lé ní ogójì ọdún kí ẹnikẹ́ni tó kó irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ jọ sójú kan. Otto Wilhelm Madelung, oníṣẹ́-abẹ ará Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ ní Rostock, ló ṣe é ní 1888. Ó ṣe àkójọ àwọn aláìsàn tó lé ní ọgbọ̀n, ó sì sọ pé ohun kan náà ló ń ṣe gbogbo wọn. Ní 1898, Pierre-Émile Launois àti Raoul Bensaude ní Paris kó àwọn tó lé ní ọgọ́ta jọ. Títí dòní, àwọn kan ń pe àìsàn náà ní ti Madelung, àwọn mìíràn ń pè é ní ti Launois àti Bensaude, bí ẹni tó sọ̀rọ̀ ṣe kẹ́kọ̀ọ́ sí.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun tí àwọn wọ̀nyí ṣe. Wọn kò rí oògùn kankan. Wọn kò mọ ohun tó fà á. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n kà. Aláìsàn kan jẹ́ àjèjì. Ọgbọ̀n jẹ́ àpẹẹrẹ. Ọgọ́ta di àìsàn. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin ìran wíwò àti ìmọ̀ ni pé onímọ̀ ń to ohun tó rí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó sì ń béèrè ohun tó pa wọ́n pọ̀.

Síbẹ̀, kíkà náà bí àṣìṣe kan. Nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn ọkùnrin tí wọ́n kà jẹ́ ọ̀mùtí, ọtí ni wọ́n kà sí ìdí àìsàn náà, wọ́n sì ń wo aláìsàn gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ fa ọ̀ràn. Ọtí ní ipa lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ tó ń ṣe ló ń mu ún lámujù. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún 1990, a rí àwọn ìdílé tí irú kókó bẹ́ẹ̀ ti ń tọ ìran lẹ́yìn, tí ọtí kò sì sí nínú ọ̀rọ̀ wọn. Àbùkù kékeré nínú apá sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè agbára fún ara ló wà níbẹ̀, ọ̀dọ̀ ìyá nìkan ni ènìyàn sì ti ń jogún ìyẹn. Ní 2015, àwọn onímọ̀ tún rí àbùkù mìíràn tó jẹ mọ́ apá sẹ́ẹ̀lì kan náà. Ẹ̀sùn tó ti wà lọ́rùn àwọn ènìyàn fún ọgọ́rùn-ún ọdún kò bá gbogbo wọn mu mọ́.

Àwọn obìnrin Philadelphia

Ní ọdún 1888 kan náà tí Madelung gbé àkójọ rẹ̀ jáde, Francis Xavier Dercum, oníṣègùn iṣan ìmọ̀lára ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà, kọ nípa obìnrin kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ọ̀rá kó jọ sí apá àti ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì ń dùn ún. Ní 1892, ó gbé ìròyìn obìnrin mẹ́ta jáde papọ̀, ó sì sọ ọ́ kedere pé àìsàn yìí jọ sísanra lásán lójú, ṣùgbọ́n kì í ṣe é, nítorí ìrora wà níbẹ̀. Orúkọ tó fún un túmọ̀ sí ọ̀rá tó ń dunni. Ní 1899 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ Dercum gan-an pè é.

Pàtàkì ohun tí Dercum ṣe, lójú tiwa, ni pé ó gba obìnrin gbọ́. Obìnrin tó sanra, tó sì ń sọ pé ara ń ro òun, kò nira fún oníṣègùn láti sọ fún un pé kó dín oúnjẹ kù, tàbí pé ọkàn rẹ̀ ló ń dà á láàmú. Dercum tẹ kókó náà, ó rí i pé ibi tí obìnrin náà ní ó ń dun òun ni kókó wà, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kò rí ìwòsàn fún wọn. Títí di òní pàápàá, àìsàn náà kò ní ìwòsàn tó dájú. Ìrora ni à ń tọ́jú, a sì ń yọ kókó tó bá ń dààmú ènìyàn jù. Ṣùgbọ́n láti 1892, obìnrin tí irú rẹ̀ bá ń ṣe ní ọ̀rọ̀ kan tó lè mú lọ síwájú dókítà. Orúkọ di ẹ̀rí fún un.

Ìyọkúrò náà ní ìtàn tirẹ̀. Ọ̀bẹ nìkan ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, àpá sì máa ń kù síbẹ̀. Ní 1977, Yves-Gérard Illouz ní Faransé fi ọ̀pá tóóró fa kókó ọ̀rá jáde lẹ́yìn ọ̀dọ́bìnrin kan tó jẹ́ òṣèré, nítorí pé kò fẹ́ àpá. Láti ibẹ̀ ni ọgbọ́n fífa ọ̀rá tí àwọn olówó ń ṣe fún ẹwà ti gbilẹ̀. Ìtọ́jú kókó ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ara tí wọ́n fi ṣe ìran

A kò lè sọ ìtàn yìí ká má mẹ́nu ba àwọn tí wọ́n fi ara wọn ṣe ìran. Sarah Baartman, obìnrin Khoikhoi láti Gúúsù Áfíríkà, ni wọ́n gbé lọ sí London ní 1810 kí àwọn ènìyàn lè máa sanwó láti wo ìdí rẹ̀ tó tóbi. Kò ní àìsàn kankan. Bí Ọlọ́run ṣe dá ọ̀rá sí ara rẹ̀ nìyẹn. Ó kú ní Paris ní 1815, Georges Cuvier sì gé òkú rẹ̀ wò. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Paris ṣì ń fi í hàn títí di àwọn ọdún 1970. Ní 2002 ni wọ́n tó dá a padà sílé, tí wọ́n sì sin ín. Joseph Merrick, tí wọ́n bí ní Leicester ní 1862, ní ara tó wú kọjá ààlà, òun náà di ohun ìran ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì kí ilé ìwòsàn kan ní London tó gbà á sílé, níbi tó kú sí ní 1890. Àwọn onímọ̀ tó ṣàyẹ̀wò ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní 1986 sọ pé ó jọ pé àìsàn Proteus ló ṣe é, èyí tí ọ̀rá, egungun àti awọ ti máa ń dàgbà láìdọ́gba.

Àwọn méjèèjì kọ́ wa ní ohun kan. Ibi tí orúkọ kò bá sí, ojú ni yóò ṣiṣẹ́. Ojú tí kò sì ní ìmọ̀ lẹ́yìn, ẹ̀sín ló ń bí.

Kókó nílé: Ìbàràpá, Ìbàdàn àti Nike

Ní ilẹ̀ wa, kókó tí wọ́n kọ́kọ́ kà lọ́nà tó péye kì í ṣe ti ọ̀rá. Ti inárun ni, àrùn tí kantíkantí ẹ̀bá odò tó ń ṣàn ń gbé kiri, tó ń mú ara yún ènìyàn, tó sì lè fọ́ni lójú. Aràn tó fà á máa ń dì mọ́ra nínú kókó lábẹ́ awọ, pàápàá níbi tí egungun bá ti sún mọ́ awọ, bí ìbàdí àti ìhà. Ìbàràpá, níbi tí Yunifásítì Ìbàdàn dá iṣẹ́ ìlera sílẹ̀ ní Ìgbó-Ọrà ní 1963, jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìpínlẹ̀ Enugu náà wà lára ibi tí àrùn náà wà.

Ní àwọn ọdún 1990, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Merck ti ń fi oògùn rẹ̀ tọrẹ láti 1987, ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni abúlé wo ló yẹ kó gbà á. Ọ̀nà tí wọ́n yàn rọrùn: kí òṣìṣẹ́ ìlera fọwọ́ wá kókó lára ọgbọ̀n sí àádọ́ta àgbàlagbà tó ti pẹ́ ní abúlé. Bí ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún wọn bá ní kókó, gbogbo abúlé ni yóò lo oògùn. Orí ìka ọwọ́ ni àwòrán àrùn gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà dúró lé. Fún ìdí èyí, wọ́n ní láti kọ́ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kó má ka kókó ọ̀rá mọ́ ti inárun: ti inárun le, ti ọ̀rá rọ̀. Lọ́jọ́ náà, kókó ọ̀rá wọ inú ẹ̀kọ́ ìlera abúlé, ṣùgbọ́n ohun tí a ń yọ kúrò nínú ìṣirò ló jẹ́. Òṣìṣẹ́ á tẹ̀ ẹ́, á rí i pé kì í ṣe èyí tí òun ń wá, á sì kọjá lọ. Ẹni tó ni kókó kò ní mọ ohun tó jẹ́.

Ní Ìbàdàn, nǹkan lọ bí a ṣe fẹ́. Latunde Odeku, ọmọ bíbí Àwẹ́, tó jẹ́ oníṣẹ́-abẹ ọpọlọ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní UCH ní 1962. Òun àti Adelola Adeloye kíyè sí àwọn ọmọ kéékèèké tí kókó rírọ̀ wà ní àwùjẹ̀ wọn láti ìgbà tí a ti bí wọn. Ẹ̀rù irú kókó bẹ́ẹ̀ pọ̀, nítorí pé ọpọlọ lè máa yọ jáde níbẹ̀ lára ọmọ mìíràn, ìtọ́jú àwọn méjèèjì kò sì rí bákan náà rárá. Wọ́n kó àwọn ọmọ náà jọ, wọ́n sì fi hàn ní 1971 pé àpò omi tí kò wọ inú agbárí ni, tí iṣẹ́-abẹ rẹ̀ kò sì léwu. Lónìí, àwọn oníṣègùn kárí ayé ń fi orúkọ Adeloye àti Odeku pe kókó náà. Àwọn kan kọ́kọ́ rò pé ọmọ Áfíríkà nìkan ló ń ní in. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i lára ọmọ Éṣíà, Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ohun tí a kọ́kọ́ kà sí tàwa nìkan, àìkà àwọn yòókù ló mú un rí bẹ́ẹ̀.

Enugu náà kò kẹ́yìn nínú ìmọ̀ ìṣègùn. Níbẹ̀ ni Fabian Udekwu àti Magdi Yacoub ti ṣe iṣẹ́-abẹ ọkàn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ní 1974, níbẹ̀ sì ni ilé ìwòsàn àpapọ̀ fún egungun wà, tó tún jẹ́ ibùdó iṣẹ́-abẹ àtúnṣe ara. Ṣùgbọ́n ìtàn tó kan wa jù ní agbègbè Nike ni ti sòbìà. Nígbà tí wọ́n ka àwọn tó ní in láti abúlé dé abúlé ní Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1988, wọ́n lé ní 650,000. Kò sí oògùn tó ń wò ó, kò sì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára. Aṣọ asẹ́ omi, kànga, oògùn tí a ń dà sí odò, àti àwọn ará abúlé tó ń ròyìn ẹni kọ̀ọ̀kan tó bá ní in ni wọ́n fi bá a jà. Ní oṣù kọkànlá 2008, ẹni tó ní in kẹ́yìn ní Nàìjíríà jẹ́ ará abúlé Ezza Nkwubor, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Enugu, ìjọba ìbílẹ̀ kan náà tí Adágún Nike wà. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé sòbìà ti tán ní Nàìjíríà.

Lára ohun tó jẹ́ kí èyí ṣe é ṣe ni pé sòbìà ní orúkọ tirẹ̀ lẹ́nu àwọn ará ilẹ̀ yìí. Ẹni tó rí i mọ ohun tó rí, ó sì mọ ohun tí yóò sọ. Kókó ọ̀rá kò ní àǹfààní yẹn. Àìsàn tó ṣọ̀wọ́n ni lóòótọ́, a kò sì retí kí ìjọba náwó lé e lórí bíi ti sòbìà. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ní in lè sọ ohun tó ń ṣe òun, ìyẹn kò gba owó.

Ohun tó kan olùkọ́ níbẹ̀

Ewu tó wà nínú orúkọ kan ṣoṣo yìí ní apá méjì. Apá kìíní ni ti ẹni tó ní kókó ọ̀rá. Ẹ̀rù jẹjẹrẹ á máa bà á, á máa náwó fún ẹni tó ní àfiṣe ni, àwọn ará ilé á máa ya abọ́ àti kànìnkànìn rẹ̀ sọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ kókó ọ̀rá kì í ràn rárá. Apá kejì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Obìnrin tó fọwọ́ kan ohun líle ní ọmú rẹ̀, tí kò dùn ún, lè rántí kókó tó wà lápá bàbá rẹ̀ fún ogójì ọdún, kó sì sọ pé kókó lásán ni. Àwọn oníṣègùn wa kò dẹ́kun láti máa sọ pé ọ̀pọ̀ obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọmú ní Nàìjíríà ló ń pẹ́ kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn. Ìdí rẹ̀ pọ̀, owó àti ọ̀nà jíjìn wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu wa náà wà níbẹ̀. Nínú ìtàn tí a sọ, ọ̀rá Dercum ń dunni kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ, nígbà tí jẹjẹrẹ ọmú sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láìdunni. Ẹni tó bá fi ìrora nìkan ṣe òṣùwọ̀n yóò ṣìnà nígbà méjèèjì.

Látàrí èyí, a dá àbá mẹ́rin.

Èkíní, kí a fi àpèlé kún ọ̀rọ̀ tí a ti ní. A kò nílò láti yá ọ̀rọ̀ Gíríìkì. Kókó ọ̀rá, kókó inárun, kókó iṣan ìmọ̀lára àti kókó jẹjẹrẹ yé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tó ń kọ́ni ní Ìgbò àti Haúsá ṣe irú rẹ̀ ní èdè tiwọn, kí a sì to wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú ìwé kan.

Èkejì, kí ẹ̀kọ́ ìlera tí a ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NCE sọ kedere irú kókó tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni jókòó tì: èyí tó le bí òkúta, èyí tó dì mọ́ ìsàlẹ̀ tí kì í yẹ̀, èyí tó ń yára dàgbà, èyí tó tóbi ju ìwọ̀n ẹyin adìyẹ lọ, àti èyíkéyìí tó bá wà ní ọmú. Ilé ìwòsàn ni ti gbogbo ìwọ̀nyí. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti sọ pé kí ènìyàn lọ. Dókítà ni yóò sọ ohun tó jẹ́.

Ẹ̀kẹta, kí a lo ìtàn fún kíkọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ìtàn Madelung àti ti Adeloye àti Odeku rọrùn láti fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń kíyè sí nǹkan, bí a ṣe ń kà á, àti bí a ṣe ń yà á sọ́tọ̀. Ìtàn ẹ̀sùn ọtí sì dára láti fi kọ́ wọn pé ohun méjì tó ń rìn pọ̀ lè má jẹ́ pé ọ̀kan ló bí èkejì.

Ẹ̀kẹrin, kí a fòpin sí fífi àbùkù ara sọ ọmọ lórúkọ ní ilé-ẹ̀kọ́. Ọmọ tí wọ́n ń pè ní Olókòókó ní kíláàsì kò ní bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ síwájú nọ́ọ̀sì. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ohun tí ọmọ fi aṣọ bò lè jẹ́ ọ̀rá, ó sì lè jẹ́ ohun tó yẹ kí a tètè rí.

Ìkádìí

A ti rí i nínú iṣẹ́ yìí pé kókó ọ̀rá kò yí padà láàrin 1846 sí òní. Ohun tó yí padà ni orúkọ tí à ń pè é àti iye àwọn tó fetí sí ẹni tó ni ín. Brodie rí i, Madelung kà á, Dercum gba aláìsàn gbọ́, Adeloye àti Odeku fi hàn pé láti Ìbàdàn náà ni a lè fún àìsàn lórúkọ kí gbogbo ayé gbà á. Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ju ojú, ọwọ́ àti ìwé lọ. Olùkọ́ ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí a bá kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ tó yẹ kó fi dáhùn, ọmọ tó bá bi í léèrè nípa kókó ìyá rẹ̀ yóò mú ìdáhùn tó lè gba ẹ̀mí lọ sílé.